Sikirin gáàdì tí mo rà ní Ìwó Road, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi 9H pa yín lọ́bọ

Ẹni tó bá mọ Ìwó Road mọ̀ pé láti orí báró dé inú ṣọ́ọ̀bù oní-AC, kò sí ibi tí wọn kì í ta sikirin gáàdì, gbogbo wọn ló sì máa ń ní tàwọn ni original. Ọwọ́ bọ̀dá kan tó ń tún fóònù ṣe ni mo ti ra tèmi, owó ẹ̀ ju ti orí báró lọ dáadáa o, àmọ́ ó tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn lára ẹ̀ ni pé kò tan mí. Mo ń nàka sí 9H tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fìyẹn sílẹ̀, pẹ́ńsù ni wọ́n fi ń dán ìyẹn wò." Òótọ́ ni jàre. 9H ni wọ́n ń pe pẹ́ńsù kan tó le gan-an, ó lè má ha gíláàsì gáàdì kí yanrìn ṣì ha á, torí quartz inú yanrìn jẹ́ 7 lórí òṣùwọ̀n Mohs tí wọ́n fi ń wọn bí òkúta ṣe le tó, gíláàsì ò sì fi bẹ́ẹ̀ kọjá 6.

Inú iyọ̀ gbígbóná lagbára gíláàsì gáàdì yìí ti ń wá. Wọ́n á yọ́ potassium nitrate títí á fi gbóná tó nǹkan bíi 400°C, wọ́n á ri gíláàsì sínú ẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, sodium ojú gíláàsì á máa jáde, potassium á máa gbàyè ẹ̀, potassium sì tóbi jù ú lọ, bí ìgbà tí ọmọdé bá bọ́ọ́lẹ̀ nínú Micra tí màmá kan tó lára dáadáa wá wọlé síbẹ̀, gbogbo yín á há mọ́ra pinpin. Híhá yẹn gan-an ni. Kí gíláàsì tó lè sán, nǹkan tó fẹ́ là á gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ borí ẹ̀. Ọgbọ́n yìí náà ni ilé iṣẹ́ Corning fi ń ṣe Gorilla Glass, èyí tó wà lójú iPhone àkọ́kọ́ ní 2007.

Àmọ́ ojú òkè nìkan ló há bẹ́ẹ̀, kò jìn rárá, àárín ẹ̀ ńṣe ló ń fà. Tí yanrìn bá ha á kọjá ibi tó há yẹn, ìṣubú kékeré báyìí á fọ́ ọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi ẹnu aṣọ nu eruku ọyẹ́ kúrò lójú fóònù, ẹ ń gbọ́ ṣá?

Tèmi já bọ́ sórí intalọ́ọ̀kì ní Bódìjà, igun gáàdì sán, sikirin fóònù fúnra ẹ̀ ò ní nǹkan kan. Mo fún un ní 4 nínú 5. Mo yọ 1 torí etí ẹ̀ ò bo ibi tí sikirin ti tẹ̀ kọrọdọ, eruku sì ti ń wọ abẹ́ ẹ̀.