Kí ọlọ́pàá yìnbọn lójú ẹsẹ̀ àbí kí wọ́n ká olè mọ́?

Ẹ jẹ́ ká fi oríta Ọláìyá níbí l'Óṣogbo ṣe àpẹẹrẹ, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọ̀kadà, kórópe, àwọn tó ń ta bọ́ọ̀lì, gbogbo ẹ̀ ti kún. Olè tó gbébọn já síbẹ̀, ọlọ́pàá ń bọ̀ lẹ́yìn.

Àwọn kan á ní kí wọ́n sáà yìnbọn jàre. Ó yé mi o, tólè bá ti ń yìnbọn fún èèyàn, ẹjọ́ ti tán níbẹ̀, abala 33 òfin ilẹ̀ wa ti 1999 náà gbà kí wọ́n fagbára gbẹ̀mí là, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé AK-47 máa ń gba ọta 30, ọta ọ̀hún á sì la páànù ṣọ́ọ̀bù kọjá bí ẹni gún bébà, kò mọ olè yàtọ̀ sí ìyá oníbọ́ọ̀lì.

Ìkejì, kí wọ́n dí ọ̀nà Ògo-Olúwa àti Alékùwodò, kí wọ́n kó èrò kúrò, kí wọ́n wá ká olè ọ̀hún mọ́. Ìyẹn gba sùúrù, rédíò àti mọ́tò tó ní epo nínú (ẹ má rẹ́rìn-ín o), olè sì lè sá lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá mú láàyè á jẹ́wọ́ ẹni tó fún un níbọn, òkú ò lè sọ nǹkan kan. Tó bá tún wá jẹ́ pé kì í ṣe olè ńkọ́? Ṣebí irú ẹ̀ wà lára ohun tó gbé àwọn ọ̀dọ́ sójú títì lọ́dún 2020 tí wọ́n fi tú SARS, ikọ̀ ọlọ́pàá tó ń gbógun ti adigunjalè, ká.

Èmi o, ìkejì ni tèmi, àfi tólè bá ti ń yìnbọn sáàárín èrò.