Bí A Ṣe Rí Ìwé Ẹjọ́ Gbà Ní Káùńtì Kékeré Kan Ní Texas

Ọjọ́ 41 gbáko ló gbà wá kí ìwé olójú-ewé méjì tó tẹ̀ wá lọ́wọ́. Àbúrò mi ọkùnrin ló ni ìwé náà. Ó fẹ́ di sitisin Amẹ́ríkà, ó ń kọ fọ́ọ̀mù N-400 lọ, ó dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè bóyá ọlọ́pàá ti mú un rí, ló bá dúró. Ní 2012, lójú ọ̀nà I-10 tó gba ìwọ̀ oòrùn Texas lọ sí El Paso, ọlọ́pàá dá a dúró nítorí eré àsápajúdé. Wọ́n tẹ orúkọ rẹ̀ wò, wọ́n bá tíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan tí kò san. Inú sẹ́ẹ̀lì ló sùn mọ́jú. Láàárọ̀ wọ́n mú un dé iwájú adájọ́, ó san owó ìtanràn, wọ́n ní kó máa lọ. Kò gba rìsíìtì. Kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa láti ọdún náà wá.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá a." Bó ṣe di tèmi nìyẹn.

Tíkẹ́ẹ̀tì ojú pópó lásán, tí owó ìtanràn rẹ̀ kò tó dọ́là 500, tí kò sì ní ọtí tàbí oògùn olóró nínú, Immigration kì í béèrè ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́pàá bá ti mú èèyàn, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Wọ́n fẹ́ rí ẹ̀dà tí kọ́ọ̀tù fúnra rẹ̀ lu òǹtẹ̀ sí, tó sọ ibi tí ẹjọ́ parí sí. Certified disposition ni àwọn lọ́yà ń pè é. Ọ̀rẹ́ àbúrò mi kan ti ní kó kọ "No", pé tíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ọ̀ràn. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má dán an wò. Ní 2001, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ Atwater v. Lago Vista, lórí obìnrin kan tí ọlọ́pàá mú ní Texas níbí nítorí pé kò de bẹ́líìtì ọkọ̀. Wọ́n ní ọlọ́pàá lè mú èèyàn kódà lórí ẹ̀ṣẹ̀ tó jẹ́ pé owó ìtanràn nìkan ni ìjìyà rẹ̀. Mímú ni mímú ń jẹ́. Ẹni tó bá parọ́ lórí fọ́ọ̀mù yẹn ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ kékeré di ńlá.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo kọ́kọ́ sáré lọ, ibẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ méjì sì ṣòfò sí. Bí ẹ bá tẹ orúkọ káùńtì, tó dà bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa, mọ́ "court records" lórí Google, àwọn oníṣòwò ló máa kọ́kọ́ yọjú, wọ́n á sì ṣe ojú ewé wọn bíi ti ìjọba. Mo sanwó fún ọ̀kan. Ohun tí wọ́n kó wá ni àwọn ilé tí àbúrò mi ti gbé rí, nọ́ńbà fóònù tí kò lò mọ́, àti orúkọ obìnrin kan tí wọ́n ní mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni, tí a kò mọ̀ rí. Ti kọ́ọ̀tù ńkọ́? Kò sí ìlà kan. Wọ́n tún yọ owó oṣù kejì kí n tó mọ bí mo ṣe máa dá a dúró. Ká tiẹ̀ ní wọ́n rí ẹjọ́ náà, kò sí òǹtẹ̀ lórí rẹ̀, Immigration kò ní gbà á. Mo wo re:SearchTX, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń wá ìwé ẹjọ́ Texas, kò sí níbẹ̀. Ẹnì kan ní kí n lọ sí PACER. Ibẹ̀ dára, sẹ́ǹtì 10 lójú ewé kan, kì í sì í ju dọ́là 3 lọ lórí ìwé kan, ṣùgbọ́n kọ́ọ̀tù ìjọba àpapọ̀ ni tiwọn. Tíkẹ́ẹ̀tì ojú ọ̀nà kò lè dé ibẹ̀.

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé káùńtì 254 ló wà ní Texas, kálukú ló sì ń tọ́jú ìwé ẹjọ́ tirẹ̀. Nínú káùńtì kan ṣoṣo, ìwé tún lè wà níbi tó ju ọ̀kan lọ. Ọ̀ràn ńlá àti ìkọ̀sílẹ̀ wà lọ́dọ̀ District Clerk, akọ̀wé kọ́ọ̀tù àgbà. Ọ̀ràn kékeré tó lè gbé èèyàn dé ẹ̀wọ̀n káùńtì, àti ọ̀rọ̀ ogún, wà lọ́dọ̀ County Clerk, akọ̀wé káùńtì. Èyí tó jẹ́ owó ìtanràn nìkan wà lọ́dọ̀ Justice of the Peace, adájọ́ ẹjọ́ kéékèèké, tí wọ́n ń pè ní JP, tàbí ní kọ́ọ̀tù ìlú bó bá jẹ́ àárín ìlú ló ti ṣẹlẹ̀. Níbi tí èrò kò bá tó 8,000, ẹnì kan ṣoṣo lè ṣe iṣẹ́ District Clerk àti County Clerk pọ̀. Ẹ sì rántí pé Loving County, ní apá ìwọ̀ oòrùn lọ́hùn-ún, èèyàn 64 péré ni wọ́n kà níbẹ̀ nínú ìkànìyàn 2020.

Ìgbà tí mo gbé fóònù ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í lójú. County Clerk káùńtì tí wọ́n ti mú àbúrò mi fúnra rẹ̀ ló gbé e. Ó bi mí pé kọ́ọ̀tù wo ni, mo ní n kò mọ̀. Kò kàn mí lábùkù. Ó ní èló ló san, ṣé wọ́n yan lọ́yà fún un, ṣé ìlú ni àbí ojú ọ̀nà. Bí mo ṣe ń dáhùn ló ń yọ ọ̀nà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ní, "Kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi. JP, Precinct 2," ìyẹn ẹkùn kejì nínú káùńtì náà, ó sì fún mi ní nọ́ńbà. Ó sọ iye tí wọ́n ń gbà lọ́dọ̀ tirẹ̀ fún mi, bóyá n óò tún nílò rẹ̀: dọ́là 1 lójú ewé, dọ́là 5 fún òǹtẹ̀. Òfin Texas sọ ọ́ pé ìwé ọ́fíìsì County Clerk ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, àyàfi èyí tí òfin tàbí àṣẹ kọ́ọ̀tù bá tì pa. Obìnrin yìí ń ṣe bí ẹni tó gba òfin náà gbọ́.

Ọ́fíìsì JP ló fìyà jẹ wá. Ọjọ́ mélòó kan láàárín ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń ṣí. Fóònù wọn kò gba ohùn sílẹ̀ mọ́, ó ti kún. A fi lẹ́tà ránṣẹ́, wọ́n dá a padà nítorí pé a kò fi àpòòwé tó ní sítáǹpù àti àdírẹ́sì wa sínú rẹ̀. A tún un ṣe, a fi money order sí i, wọ́n kọ̀wé padà pé àwọn kò rí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọkàn àbúrò mi domi níbẹ̀. Mo ní kó wọ bàtà, ká lọ.

A fi Houston sílẹ̀ lóru, ilẹ̀ ti mọ́ dáadáa ká tó débẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin tó jókòó níbẹ̀ tẹ orúkọ náà sínú kọ̀ǹpútà, kò rí i. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má fi orúkọ wá a mọ́. Ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi wá a." Ó dìde, ó gbé ìwé ńlá kan sílẹ̀ láti orí pẹpẹ, ó ń fi ìka tọ ìlà wálẹ̀. Ibẹ̀ ló wà. Orúkọ àbúrò mi fi Olúwa bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti gé Oluwa kúrò, wọ́n fi í ṣe orúkọ ìdílé, wọ́n sì ti gbé orúkọ bàbá wa sí àárín, pẹ̀lú lẹ́tà kan tó sọnù. Ọdún méjìlá tó ti wà níbẹ̀ rèé, kò sí kọ̀ǹpútà tó máa bá a. Àbúrò mi wo ìlà yẹn títí. Ó ní òun ló buwọ́ lùwé ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òun rántí báírò náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí orúkọ yín gùn bíi tiwa, ẹ kọ gbogbo ọ̀nà tí òyìnbó lè gbà ṣì í kọ sínú lẹ́tà yín, ẹ kọ ọjọ́ ìbí, ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n mú yín. A bẹ ọ̀dọ́bìnrin náà kó kọ ọjọ́ ìbí àbúrò mi sára ìwé ẹ̀rí, kí Immigration lè mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Ó ṣe é láìjanpata. Ó tún sọ ohun kan tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀: bí ìwé bá ti dàgbà débi pé wọ́n ti sun ún gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe là á sílẹ̀, ẹ gba lẹ́tà olóǹtẹ̀ lọ́wọ́ kọ́ọ̀tù pé kò sí mọ́. Immigration ń lo ìyẹn náà.

Bí mo bá ní láti fún wọn ní máàkì, County Clerk gba márùn-ún nínú márùn-ún. JP gba mẹ́ta, nítorí fóònù àti lẹ́tà; bí a ṣe dé iwájú wọn, n kò rí àbùkù kankan. Àwọn tó ń ta ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀dà mẹ́ta la gbà, gbogbo rẹ̀ kò tó dọ́là 10. Ọ̀kan bá fọ́ọ̀mù lọ, ọ̀kan wà lọ́wọ́ àbúrò mi de ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹ̀kẹta wà nínú àpótí ìyá wa, níbi tí ìwé ìbí gbogbo wa wà.