Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń ta fláàṣì fíìmù Íńdíà: ogún orúkọ, fíìmù kan ṣoṣo!

Ẹ dákun, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn fíìmù Íńdíà, ẹ dúró ná kẹ́ ẹ tó fowó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan wà lórí WhatsApp tó ń kó fíìmù Íńdíà sínú fláàṣì tà. Àdúrà ló fi ń ṣí status rẹ̀ láràárọ̀, lẹ́yìn àdúrà ló kan ọjà. Ọkọ mi ní òun ò fẹ́ wàhálà ẹjọ́, torí ẹ̀ ni mi ò fi dárúkọ ẹ̀ síbí, àmọ́ gbájú-ẹ̀ ni. ₦18,000 ló gbà lọ́wọ́ mi fún ogún fíìmù. Mo tún san ₦2,000 fún awakọ̀ tó gbé e wá láti Èkó. Ogún orúkọ ni mo bá nínú fláàṣì náà lóòótọ́. Àwọn kan ò tiẹ̀ ṣí rárá. Gbogbo èyí tó ṣí, fíìmù kan ṣoṣo ni.

Ẹ tún un kà. Fíìmù kan ṣoṣo!

Kurbaan ni fíìmù náà ń jẹ́. Ká ní fíìmù gidi tiẹ̀ ni, inú mi ì bá rọ̀ díẹ̀, mi ò bá ní ó kúkú fún mi ní ohun kan. Kò dáa! Ẹni tó fẹ́ lu èèyàn ní jìbìtì, kò lè fi fíìmù tó dùn lù ú?

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Màmá ọkọ mi fẹ́ wá lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ wa n'Íbàdàn. Ẹni tó bá mọ Màmá á mọ̀ pé fíìmù Íńdíà nìkan ló lè mú wọn jókòó. Ayé Amitabh Bachchan àti Dharmendra ni wọ́n fi ṣe ọmọge, nígbà tó jẹ́ pé ilé sinimá ni wọ́n ti ń wò ó. Wọn ò gbọ́ Hindi rárá, àmọ́ wọ́n á kọ orin inú ẹ̀ látòkè délẹ̀. Mo ní kí n ṣe ohun tó máa dùn mọ́ wọn nínú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìyá ọkọ, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Mo bi ọmọkùnrin yẹn dáadáa kí n tó sanwó o. Mo ní, "Ṣé ìfẹ́ wà nínú ẹ̀? Àgbàlagbà ló máa wò ó, mi ò fẹ́ ìhòòhò." Ó ní, "Mọ́mì mi, ìfẹ́ pọ́ńbélé ni. Saif Ali Khan àti Kareena Kapoor ni òṣèré inú ọ̀kan níbẹ̀. Tọkọtaya ni wọ́n nílé, tọkọtaya ni wọ́n nínú fíìmù. Tuntun ni, 2024 ló jáde. Ó ju Fanaa lọ." Mo ní ṣé wọ́n kọ Gẹ̀ẹ́sì sí ìsàlẹ̀. Ó ní, "Gbogbo ẹ̀ pátá, Mọ́mì." Mọ́mì! Èmi tí mi ò tíì pé ogójì ọdún. Ibẹ̀ yẹn ló yẹ kí n ti mọ̀ pé ẹnu dídùn ni iṣẹ́ ẹ̀.

Àwọn orúkọ tó kọ ránṣẹ́ sí mi ńkọ́? Fanaa 2. Dil Se 2. My Name Is Khan 3. Ẹ gbà mí! Aamir Khan kú sí ìparí Fanaa ti 2006, ta ló máa wá ṣe ìkejì? Shah Rukh Khan àti Manisha Koirala, bọ́ǹbù ló pa àwọn méjèèjì pa pọ̀ ní ìparí Dil Se. Èmi tí mo wo méjèèjì, tí mo sunkún sí méjèèjì, ni mo rí "Dil Se 2" tí mo sì fowó ránṣẹ́. Àmọ́ ẹ má bú mi. Alẹ́ ni, iná ò sí, fóònù mi ti fẹ́ kú, ó sì ń yọ mí lẹ́nu pé ó ku ẹyọ kan. Òmùgọ̀ kọ́ ni mí. Èmi náà ń tajà, mo mọ owó kà.

Mo lọ gbà á ní gárèèjì Ìwó Road, nínú òjò. Mo yan ẹ̀pà, mo gbé abọ́ ẹ̀ síwájú Màmá, mo ki fláàṣì bọ tẹlifíṣọ̀n. Fanaa 2 ni wọ́n ní kí n kọ́kọ́ ṣí. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni mo rí i pé kì í ṣe Fanaa kankan, Gẹ̀ẹ́sì kankan ò sì sí nísàlẹ̀, àmọ́ mo rí Saif, mo rí Kareena, mo ní ẹ jẹ́ ká máa wò ó. Delhi ni wọ́n ti pàdé, olùkọ́ yunifásítì ni wọ́n. Apá ibẹ̀ dáa, mi ò ní parọ́. Orin kan wà níbẹ̀, Shukran Allah, tí Salim àti Sulaiman Merchant ṣe. Màmá ń mi orí sí i. Wọ́n fẹ́ra, wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà. Kò pẹ́ ni ohun tí mo ní mi ò fẹ́ bá ṣẹlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ń wá rìmóòtù, mi ò rí i. Màmá gbójú sókè, wọ́n ń wo fáànù. Fáànù tí kò yí! Wọ́n wá ní, "Ìyàwó, ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Íńdíà báyìí nìyẹn?" Ilẹ̀ ò lanu.

Mo yára ṣí òmíràn, Dil Se 2. Delhi. Saif. Kareena. Mo ṣí òmíràn. Delhi. Màmá ní, "A ò ti wo eléyìí?" Mo ní fáìlì ló ṣì wọlé. Mo ṣí òmíràn. Ẹ̀yin èèyàn, Delhi!

Àbúrò mi ọkùnrin ló fi fláàṣì náà sí laptop lọ́jọ́ kejì, tó fi hàn mí pé gbogbo fáìlì tó ṣí ló tóbi bákan náà, títí dórí nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn. Ẹnì kan jókòó, ó da fíìmù kan kọ léraléra, ó ń yí orúkọ ẹ̀ padà. Iṣẹ́ tó ṣe nìyẹn tó fi gba ₦18,000. Àbúrò mi ń rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì bá a sọ̀rọ̀ dáadáa látìgbà yẹn.

Mo wá lọ wádìí fíìmù náà. 2024 kọ́! Oṣù November 2009 ni Kurbaan jáde. Karan Johar ló kọ ìtàn ẹ̀, iléeṣẹ́ ẹ̀ ló gbé e jáde, Rensil D'Silva ló darí ẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ ẹ̀ sì nìyẹn lórí àga olùdarí. Tọkọtaya tó ń sọ yẹn, October 2012 ni Saif àti Kareena tó ṣègbéyàwó, nígbà tí wọ́n ń ya fíìmù wọn ò tíì fẹ́ra. Pósítà ẹ̀ pàápàá, èyí tí ẹ̀yìn Kareena wà ní ìhòòhò lórí ẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú Shiv Sena fi ṣe ìjà ní Mumbai. Èmi wá gbé irú ẹ̀ síwájú ìyá ọkọ mi. Kò sí irọ́ tí ọmọkùnrin yẹn ò pa, àní lórí ohun tí kò mú owó wá fún un.

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí tí fíìmù náà fi bí mi nínú, kẹ́nikẹ́ni má wá sọ pé mo kàn ń pariwo owó. Ọkọ tó fi ìfẹ́ tan obìnrin, kó lè tipasẹ̀ ẹ̀ wọ Amẹ́ríkà, apániláyà ni. Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn! Obìnrin tó ń sùn ti ẹni tí kò mọ̀, ó yẹ kí oorun má kun èèyàn níbẹ̀. Kí ni wọ́n fi ṣe? Bí Kareena ṣe gbọ́ àṣírí, wọ́n tì í mọ́lé, ó lóyún, ó ń sunkún, ó parí. Olùkọ́ nípa ọpọlọ ọmọ èèyàn ni wọ́n pè é o, ẹni tí kò rí ọpọlọ ọkọ tirẹ̀. Vivek Oberoi, oníròyìn, wọ́n fi bọ́ǹbù pa àfẹ́sọ́nà ẹ̀ nínú bàálù, ó sì mọ àwọn tó ṣe é. Dípò kó ké sí ọlọ́pàá, òun nìkan ló fẹ́ dọ́gbọ́n wọ àárín wọn. Ní New York, lẹ́yìn ọdún 2001! Om Puri àti Kirron Kher nìkan ló ń dẹ́rù bani níbẹ̀, pàápàá Kirron Kher, ìyá àdúgbò tó ń fi oúnjẹ bọ́ yín tó sì lè pa yín.

Nínú Fanaa, Kajol fúnra rẹ̀ ló ní láti yàn láàárín ọkọ àti ìlú. Nínú Dil Se, ìfẹ́ àti bọ́ǹbù wà nínú ara obìnrin kan náà. Kurbaan ò fún Kareena ní nǹkan kan láti yàn, ìyà nìkan ló fún un. Fíìmù náà sì gùn ju wákàtí méjì ààbọ̀ lọ. Mo wò ó tán ṣá, torí owó mi ni.

Mo pe ọmọkùnrin náà. Ó ní, "Mọ́mì, tẹlifíṣọ̀n yín ló ti gbó." Mo fi fídíò ránṣẹ́. Ó ní kòkòrò ló wọ inú fláàṣì, pé kí n fi ₦5,000 kún un kó fún mi ní tuntun. Mo sọ ohun tó wà lọ́kàn mi fún un, ó bulọ́ọ̀kì mi.

Àwọn kan ti ń sọ pé ó tọ́ sí mi, pé fíìmù jíjí ni mo rà. Mo gbọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wo Netflix, ta ló ń ra dátà fún yín? Obìnrin tó júwe ọmọkùnrin náà fún mi nínú ẹgbẹ́ wa, mi ò mọ ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Ó ní òun náà ò mọ̀. Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ kí ló dé tó jẹ́ pé òun ò ra rí? Èmi ò tiẹ̀ gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́. Ẹni tó ta léèsì fún mi ní Kérésì, àwọ̀ ẹ̀ ti ṣí. Elépo ń fi omi lú epo. Gbogbo wọn ló ń fi àdúrà ṣí status.

Kí n tó gbàgbé: ẹ má sanwó tán kí ọjà tó dé. Ẹ wo bí fáìlì ṣe tóbi, bí wọ́n bá dọ́gba pátápátá, ẹ sá. Ẹ wá orúkọ fíìmù náà àti ọdún ẹ̀ lórí Google kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ gbé laptop dání lọ sí gárèèjì tẹ́ ẹ bá lè gbé e.

Ẹ má kọ̀wé sí mi pé kí n fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. ₦20,000 ni. Orúkọ obìnrin ló wà lórí àkáǹtì tí mo sanwó sí, mo sì ti fi ẹjọ́ sùn ní báńkì mi. Ẹni tó bá ti kó sí i lọ́wọ́, tí rísíìtì ẹ̀ ṣì wà, kó fi ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, kí n wò ó bóyá àkáǹtì kan náà ni.