Ṣọ́ọ̀bù dátà kan ní Lágere, Ilé-Ifẹ̀: wọ́n máa bi yín ní ìbéèrè kí wọ́n tó tẹ bọ́tìnnì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe MSc akáùntì ní Ifẹ̀, ẹ bá mi gbọ́ èyí. Ṣọ́ọ̀bù kan wà ní Lágere, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àwọn tó ń tún fóònù ṣe ló wà nísàlẹ̀, àwọn wà lókè. Wọ́n ń tẹ̀wé, wọ́n ń di prọ́jẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń bá èèyàn ṣe dátà, ìyẹn ìṣirò nọ́ńbà téèyàn kó jọ fún ìwádìí, kì í ṣe dátà fóònù o. Títẹ̀ àti dídì wọn dáa, kò sí wàhálà ńbẹ̀. Dátà yẹn gan-an ni mo tìtorí ẹ̀ kọ èyí, torí mi ò tíì rí irú ẹ̀ nílùú yìí.

Àbúrò mi obìnrin tó ń kọ́ni níléèwé kan ní Iléṣà ló ni iṣẹ́, èmi kàn sìn ín lọ ni. Àwọn ilé iṣẹ́ oko ọ̀pẹ àti rọ́bà tí wọ́n ń ta share wọn ní ẹ̀kọṣéńjì Èkó ló ń ṣèwádìí lé lórí, 2012 sí 2021, bóyá bí wọ́n ṣe ń díye lé ohun ìní wọn ń kan èrè tí wọ́n ń kéde. Ibòmíì la ti kọ́kọ́ lọ, mi ò ní dárúkọ wọn, kíá ni wọ́n gbowó, wọ́n ní ká padà wá lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Result jáde lóòótọ́, ìràwọ̀ kún ara ẹ̀, gbogbo ẹ̀ significant, ìyẹn ni pé kò jọ èèṣì. Súpáfáísọ̀ wò ó, ìbéèrè kan péré ló bi í: 2016 ńkọ́?

La bá gba Lágere lọ. Ọ̀gá ibẹ̀ ò tiẹ̀ fọwọ́ kan Excel. Ó ní, "Àǹtí, igi ọ̀pẹ tẹ́ ẹ kọ owó ẹ̀ síbí, kí ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n?" Àbúrò mi ní náírà ni. Ó ní, "Mo mọ̀ pé náírà ni, mà, ṣé iye tí wọ́n ná láti gbìn ín ni àbí iye tó máa pa tí wọ́n bá tà á lónìí?"

Ìbéèrè yẹn ni gbogbo ẹ̀. IAS 41 tó ń darí akáùntì iṣẹ́ àgbẹ̀, ohun tó ń sọ tẹ́lẹ̀ ni pé kí wọ́n máa díye lé igi bí ọjà bá ṣe rí, kí wọ́n yọ owó tí wọ́n máa ná láti tà á, kí ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín ọdún kan sí èkejì wọ inú èrè tàbí àdánù ọdún yẹn. Ilé iṣẹ́ lè má ta ẹyìn kan ju ti ọdún tó kọjá lọ, kí èrè ẹ̀ ṣì lọ sókè, torí pé wọ́n ní igi ti wọ́n sí i! Àwọn olóko ńlá pariwo, àwọn ará Malaysia wà lára àwọn tó pariwo jù, torí ta ló ń lọ ra igi ọ̀pẹ lórí ìdúró láìra ilẹ̀ tó wà? IASB, ìgbìmọ̀ àgbáyé tó ń ṣe òfin akáùntì yìí, wá yí i padà ní 2014, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 1, 2016. Igi ọ̀pẹ, igi kòkó, igi rọ́bà bọ́ sábẹ́ IAS 16 níbi tí ilé àti ẹ̀rọ wà, tí wọ́n ti lè lo iye tí wọ́n ná, èso tó wà lórí igi nìkan ló kù sábẹ́ IAS 41.

Ọ̀gá yìí ò fẹnu lásán sọ ọ́ o. Ó ṣí annual report 2016 ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ náà, ó wọ́ ọ wálẹ̀ dé ibi notes, ó fi bírò tọ́ka sí orí kọ́lọ́ọ̀mù 2015 níbi tí wọ́n kọ restated sí, ìyẹn ni pé wọ́n ti tún nọ́ńbà ẹ̀ kọ, ó wá ṣí ti 2015 gangan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan náà, ọdún kan náà, nọ́ńbà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ wá da gbogbo ẹ̀ pọ̀ sínú regression kan, ìṣirò tó ń wo bí nǹkan kan ṣe ń bá òmíì rìn, bíi pé òṣùwọ̀n kan náà ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, kí lẹ fẹ́ kó sọ fún yín? Ó pín dátà náà sí méjì, ṣáájú 2016 àti lẹ́yìn ẹ̀, ó sì ní tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún àbúrò mi pé kó fà á sẹ́yìn dé 2008 kó lè pọ̀, kó má gbà, torí 2012 ni àwọn ilé iṣẹ́ orí ẹ̀kọṣéńjì wa bẹ̀rẹ̀ IFRS, òfin akáùntì àgbáyé tí IAS 41 wà lára ẹ̀, SAS tó jẹ́ ti Nàìjíríà ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Ìràwọ̀ ara result dín kù gan-an. Èmi fara mọ́ ìyẹn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó kéré tán èèyàn lè dúró níwájú panẹ́ẹ̀lì kó sọ ìdí ẹ̀.

Wọn kì í báni kọ chapter two, ibi téèyàn ti ń sọ ohun táwọn mìíràn ti kọ, ẹ má bẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n máa júwe ibi tẹ́ ẹ máa wò. Dípò agency theory (àlàyé bí ire olówó àti ti máníjà ṣe ń takora) tí gbogbo èèyàn ń dà síbẹ̀, ọ̀gá náà ní kí àbúrò mi kọ́kọ́ lọ ka àwọn tó jà lórí òṣùwọ̀n fúnra ẹ̀: Paton àti Littleton ní 1940 tí wọ́n dúró ti iye tí wọ́n ra nǹkan, Edwards àti Bell ní 1961 tí wọ́n gbé iye tí wọ́n máa fi rà á lónìí lárugẹ, Chambers ní 1966 tó ní iye tó máa pa lọ́jà ni. Oko kòkó bàbá ẹ̀ ní Ifẹ̀tẹ̀dó ló fi ṣàlàyé ẹ̀ fún wa, pé owó tí bàbá fi gbin oko yẹn láyé ọjọ́sí, kò lè ra àpò ajílẹ̀ kan lónìí. Èwo la máa kọ sínú ìwé? IASB fúnra wọn ò tíì mú ọ̀kan, framework, ìwé ìlànà tí wọ́n ṣe ní 2018, gba iye tí wọ́n ra nǹkan àti iye tòní láàyè. Inú mi dùn sí àlàyé yẹn débi pé mo gbàgbé pé mo fẹ́ tètè lọ.

Ibi tó kù sí: wọ́n wọ́n, wọ́n wọ́n ju àwọn ti ẹ̀bá gate lọ dáadáa. Jẹnẹrétọ̀ wọn ń pariwo lẹ́yìn fèrèsé, ẹ̀ẹ̀ máa gbọ́rọ̀ tí wọn ò bá mú iná wá. Wọn kì í dáhùn WhatsApp bọ̀rọ̀. Ọ̀gá náà sì le, tẹ́ ẹ bá gbé Excel nìkan wá láìsí annual report tẹ́ ẹ ti kó nọ́ńbà jáde, ó máa dá yín padà ni, ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọkùnrin kan lójú wa tó ku díẹ̀ kó ṣe defence, àánú ọmọ yẹn ṣe mí. Torí náà ẹ kó PDF gbogbo ọdún sínú flash, títí kan ti 2016, ẹ lọ láàárọ̀ kí èrò tó pọ̀, ẹ má sì dúró di ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ máa submit.