Ilé géèmù àdúgbò wa n'Ìbàdàn: wọ́n lẹ iye owó mọ́ orí 18

Kí n tó débi fáànù, débi jẹnẹrétọ̀, débi pádì wọn tó dára, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi dé ìdí kíkọ nǹkan yìí, torí inú ṣì ń bí mi.

Ọ̀sán Sátidé ni mo lọ mú ọmọ mi ní ilé géèmù tó wà lẹ́yìn ilé epo ládùúgbò wa. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ó ní bọ́ọ̀lù lòun fẹ́ lọ gbá lórí ẹ̀rọ, owó bọ́ọ̀lù ni mo sì fún un. Mo ká kọ́tìnnì ẹnu ọ̀nà sókè, mo wọlé. Ọ̀pọ̀ ọmọdé ló ti rọ̀gbà yí tẹlifíṣọ̀n kan ká ní kọ̀rọ̀, ariwo ò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹnì kan wọlé. Ọmọ mi ló jókòó sáàárín wọn, òun ni pádì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mortal Kombat ni wọ́n ń gbá. Ọkùnrin kan fi ẹsẹ̀ gbá ẹnì kejì láyà, géèmù náà bá rọra ń fà bọ̀, ara ẹni tí wọ́n gbá ṣí sílẹ̀ bíi fọ́tò ẹ́síréè: egungun ìhà rẹ̀ kán lójú wa, a gbọ́ bó ṣe ró. Ọmọọṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù, ọ̀dọ́mọkùnrin kan báyìí, bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn ọmọ mi, ó ń pe bọ́tìnnì fún un: "Ìsàlẹ̀! Ìsàlẹ̀! Iwájú! Tẹ̀ ẹ́ kíá, kó má sá lọ!" Ọmọ mi tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń gbá bá ti ọwọ́ bọ ẹnì kejì láyà, ó fa ọkàn rẹ̀ yọ, ó gbé e sókè kí gbogbo ayé rí i. Ilé hó yèè. Ọmọọṣẹ́ yẹn gbá ọmọ mi léjìká: "Bàbá ni ẹ́!"

Ìyẹn ló dùn mí jù. Kì í ṣe pé ọmọ yọ́ kẹ́lẹ́ gbá géèmù tí kò tọ́ sí i. Àgbàlagbà tí wọ́n ń sanwó oṣù fún ló dúró tì í, tó ń kọ́ ọ bó ṣe máa fa ọkàn yọ.

Mo ní kí ọmọ mi dìde, mo gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá wọn lọ ní káńtà. Ọkùnrin náà ò tíì tó ogójì ọdún, ó mọ́ tónítóní, ó sì kí mi dáadáa: "Ẹ káàbọ̀, Mọ́mì." Mo bi í pé ọmọ ọdún mélòó ló yẹ kó máa gbá irú géèmù yìí. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ bí i. Èmi, àkókò ni mò ń tà." Mo ní kó mú páálí rẹ̀ wá kí n wò ó. Ó lọ́ tìkọ̀ díẹ̀, ó wá fà á jáde lábẹ́ káńtà. Ní igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì, ibi tí ọjọ́ orí máa ń wà, wọ́n lẹ ìwé pélébé kan mọ́ ọn, wọ́n fi báírò kọ ₦200 sára rẹ̀, iye tí wọ́n ń gbà fún géèmù kan. Mo fi èékánná hó o níbẹ̀. Ó ń ya wẹ́wẹ́, mo ń hó o, ọ̀gá náà ń wò mí. Nọ́ńbà 18 yọ jáde lábẹ́ rẹ̀, àwọ̀ pupa ló yí i ká.

Mo ní, "Ẹ fi iye owó bò ó."

Ó ní, "Ibẹ̀ ló ṣófo jù, mà."

Kò ṣófo. Gbogbo ẹni tó bá ń ra géèmù ló mọ àmì ọjọ́ orí tí wọ́n ń pè ní PEGI, tí ilẹ̀ Yúróòpù ti ń lò láti 2003: 3 àti 7 nínú àwọ̀ ewé, 12 àti 16 nínú àwọ̀ ọsàn, 18 nínú pupa. Páálí tó bá ti Amẹ́ríkà wá, lẹ́tà M ló máa wà lára tirẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí ẹni ọdún 17 sókè. Mortal Kombat yìí gan-an sì wà lára ohun tó bí àmì ti Amẹ́ríkà. Ọdún 1992 ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ jáde. Nígbà tó máa fi di Oṣù Kejìlá 1993, àwọn sẹ́nétọ̀ Amẹ́ríkà, Joseph Lieberman àti Herb Kohl, ti pe àwọn oníléeṣẹ́ géèmù jókòó lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ àti ọkàn fífà yọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni àwọn oníléeṣẹ́ náà dá ESRB sílẹ̀ kó máa fún géèmù ní ọjọ́ orí. Wàhálà tí wọ́n ṣe lórí géèmù yìí nìyẹn kí òbí tó rí àmì kà, wọ́n wá lẹ igba náírà mọ́ ọn lójú.

Ọ̀gá ní òfin wo lòun rú. Mo ní a ní àjọ NFVCB ti ìjọba Nàìjíríà, tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀ láti máa yẹ fíìmù wò, ẹni tó bá ń wo fíìmù Nollywood á ti rí 18 tiwọn. Ó ní, "Fíìmù nìyẹn, mà. Géèmù kọ́." Mi ò bá a jiyàn òfin mọ́, torí ọ̀rọ̀ tèmi kọ́ nìyẹn. Àbúrò mi obìnrin ń ta ọjà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ti ṣàlàyé fún mi rí: láti ọdún 2012, ṣọ́ọ̀bù tó bá ta géèmù PEGI 12, 16 tàbí 18 fún ọmọ tí kò tó bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀ sófin, ó lè jẹ́ owó ìtanràn, ó lè jẹ́ ẹ̀wọ̀n. Òbí tó fi í lé ọmọ lọ́wọ́ nílé ò sí nínú òfin yẹn. Ní Amẹ́ríkà, òdìkejì ni. California ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀, àmọ́ lọ́dún 2011 ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ wọ́gi lé e, adájọ́ méje sí méjì, wọ́n ní ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ló bo géèmù. Àmọ́ ẹ wo ohun tí àwọn ṣọ́ọ̀bù wọn ṣe fúnra wọn. FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, rán àwọn ọmọdé lọ kí wọ́n lọ dán wọn wò, èsì tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2013 sì fi hàn pé nínú ọmọ 100, 13 péré ló rí géèmù M rà. Kò sí ọlọ́pàá lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó wà ní káńtà ló ń bi wọ́n léèrè ọjọ́ orí.

Nígbà tó rí i pé mi ò lọ, ọ̀gá mú ọ̀rọ̀ mìíràn wá. Ó ní géèmù ò sọ ẹnikẹ́ni di apànìyàn, òun ti ń gbá a láti kékeré, òun ò sì pa adìyẹ rí. Mo gbà fún un níbẹ̀, mo sì tún gbà fún un níbí. Lọ́dún 2019, Andrew Przybylski ti Yunifásítì Oxford àti Netta Weinstein ti Yunifásítì Cardiff gbé ìwádìí jáde lórí nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọmọ ilẹ̀ Bìrìtìkó tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 14 àti 15. Wọn ò gba ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ nìkan gbọ́ lórí bí géèmù rẹ̀ ṣe le tó, àmì ọjọ́ orí géèmù náà ni wọ́n wò. Wọ́n sì bi àwọn òbí nípa ìwà ọmọ wọn. Wọn ò rí ohun tó so géèmù oníjà pọ̀ mọ́ ìwà jàgídíjàgan. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, APA, náà sọ lọ́dún 2020 pé ẹ̀rí ò tó láti fi sọ pé géèmù ló ń fa ìpànìyàn àti ìwà ipá bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ní àwọn rí kò tóbi: kí ọmọ máa jágbe mọ́ èèyàn, kó máa tì í.

Ọmọ mi ń jágbe. Tí wọ́n bá nà án nínú bọ́ọ̀lù orí ẹ̀rọ, ó ń jágbe mọ́ àbúrò rẹ̀, kò sì sí ẹ̀jẹ̀ kankan nínú bọ́ọ̀lù. Nítorí náà, mi ò wá síbẹ̀ láti sọ pé Mortal Kombat á sọ ọ́ di apànìyàn. Mo wá sọ pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kọ́ ló ni í, àti pé ẹni tó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí ojú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ṣe géèmù ti tẹ 18 síwájú páálí. Èmi òbí ti sọ fún ọmọ pé bọ́ọ̀lù ni, mo sì fún un lówó bọ́ọ̀lù. Ní wákàtí tí wọ́n fi géèmù yẹn sí i, èmi ò sí níbẹ̀, tíṣà ò sí níbẹ̀, ìjọba ò sí níbẹ̀. Ọ̀gá wà níbẹ̀.

Ọ̀gá wá nàka sí ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n fi máákà dúdú kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí: A Ò NÍ DÁHÙN FÚN ÌWÀ ỌMỌ ẸNIKẸ́NI. Mo kọ nọ́ńbà fóònù mi sẹ́yìn ìwé owó tó ti ya, mo fi í sílẹ̀ lórí káńtà, mo ní ọjọ́ tí wọ́n bá tún fi géèmù yìí sí i fún ọmọ mi kí wọ́n pè mí. A kúrò níbẹ̀. Ká ní ọjọ́ yẹn ni mo kọ àgbéyẹ̀wò yìí ni, òdo ni ǹ bá fún wọn.

Àmọ́ ọkùnrin yẹn pè mí.

Ọjọ́ iṣẹ́ ni, ó ku díẹ̀ kí aago méjìlá lu. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú, ọmọ yín wà níbí pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù. Ṣé wọ́n ti jáde ni?" Wọn ò tíì jáde. Mo gun ọ̀kadà débẹ̀. Ọmọ mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà, báàgì rẹ̀ wà lórí itan, ike píọ́ wọ́tà wà níwájú rẹ̀. Wọn ò fún un ní pádì. Owó tó mú wá, ọ̀gá ti ká a pọ̀, ó fà á lé mi lọ́wọ́. Nígbà tí mo ń dúpẹ́, àwọn ọmọ mìíràn tún gbé yúnífọ́ọ̀mù wọn dé ẹnu ọ̀nà, ọmọọṣẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló lọ dá wọn dúró, ó ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ìwọ, ilé ìwé wo? Ta ni tíṣà yín?" Wọ́n sá. Mo dúró wo ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn, ara mi sì rọ̀ sí i.

Òun náà ló fi ohun tí wọ́n ti tún ṣe hàn mí, ó ń sọ ọ́ pẹ̀lú ìdùnnú bí ẹni tó kọ́lé tuntun. Wọ́n ti kó àwọn tó ti dàgbà sí yàrá inú. Tẹlifíṣọ̀n méjì tó wà níta jẹ́ ti àwọn ọmọdé, wọ́n kọjú sí káńtà kí ọ̀gá lè máa rí i. Ó jókòó tì mí, ó ṣí PlayStation 4 sí ibi tí wọ́n ti ń ṣètò rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ní títì tirẹ̀: ó máa ń ka ọjọ́ orí látinú géèmù fúnra rẹ̀, kì í ṣe láti ara páálí, nítorí náà kò sí ìwé owó tó lè bò ó. Tí ẹ bá ti tì í sí 12, ó máa ní kí ẹ tẹ páásíwọ̀ọ̀dù kó tó gba èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀. Páásíwọ̀ọ̀dù tí ẹ̀rọ bá dé, òdo mẹ́rin ni, gbogbo ọmọ àdúgbò ló mọ̀ ọ́n, ó sì ti yí tiwọn padà. Ó fi Mortal Kombat sí i kí n rí i. Ẹ̀rọ kọ̀ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ rí i, mà?" Ẹ̀yin tí ẹ ní PlayStation nílé, ẹ lọ ṣe é lónìí.

Ní ti ìyókù: fáànù wọn ń ṣiṣẹ́, ínfátà wà, tí Nẹ́pà bá sì mú iná lọ láàárín géèmù, wọ́n ń jẹ́ kí ọmọ tún un gbá lọ́fẹ̀ẹ́. Pádì wọn ò gan. Wọn ò gba tẹ́tẹ́ láyè rárá, mo rí i tí ọ̀gá lé àwọn ọmọkùnrin méjì tó ń fi owó ta á jáde. Ohun tí mi ò fẹ́ ni pé ₦300 ni wọ́n ń gbà ní ìhà àwọn ọmọdé báyìí, ₦200 ní yàrá inú. Ọ̀gá ní ọmọdé ló ń ba pádì jẹ́. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọmọ tó mọ̀ pé owó ti inú dín á kàn fẹ́ wọ inú ni, mo sì ti rí ọmọ kan bíi mẹ́wàá ọdún tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fà wọlé níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò da a padà.

Páálí ara ògiri yẹn ṣì wà níbẹ̀. Mo bẹ ọ̀gá pé kó yọ ọ́, ó ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ń kọ irú rẹ̀, kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Ọkùnrin tó pè mí látàrí ọmọ tó sá nílé ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ó túmọ̀ sí nǹkan fún ọmọọṣẹ́ rẹ̀, ohun tó kà lójoojúmọ́ ló ṣe lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Kò dá mi lóhùn.

Máàkì mi jẹ́ 2 nínú 5. Ọmọ mi ṣì ń lọ síbẹ̀, mi ò sì mọ ilé géèmù mìíràn ládùúgbò yìí tí mo lè rán an lọ. Tí ẹ bá fẹ́ mú ọmọ lọ, ẹ lọ ṣáájú aago mẹ́rin, kí àwọn tó ti dàgbà tó dé, ẹ kọ nọ́ńbà yín sílẹ̀ ní káńtà, kí ẹ sì sọ fún ọmọọṣẹ́ pé ìta ni. Ọjọ́ tí wọ́n bá yọ páálí yẹn lára ògiri, mo máa padà wá sọ ọ́ di 4.