Ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn ni wọ́n ń gé sọnù: àgbéyẹ̀wò eré àwàdà Amẹ́ríkà ti sáà 2024 sí 2025, àti áàpù tí mo fi wò wọ́n

Ohun tó mú mi kọ èyí kò ju ìṣẹ́jú àáyá 48 lọ. Apá kan nínú eré àwàdà ni, gbogbo gígùn rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 21 àti ìṣẹ́jú àáyá 34. Nígbà tó di 20:46, orúkọ àwọn tó ṣe eré bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nísàlẹ̀, eré ṣì ń lọ. Àfi gììrì tí àwòrán súnkì, ó ká lọ sí igun òkè lápá ọ̀tún, kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Ohùn lọ sílẹ̀. Ẹnu òṣèré ń mì, ọwọ́ rẹ̀ ń jù, a ò gbọ́ nǹkan kan. Àkọlé gàdàgbà kan gba àárín: “Apá tó kàn: 8, 7, 6…” Kí n tó rí bọ́tìnnì rìmóòtù tẹ̀, apá mìíràn ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń kọ irú eré yìí á mọ ohun tí wọ́n gé yẹn. Eré olóògbọ̀n ìṣẹ́jú lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà kì í sábà ju ìṣẹ́jú 22 lọ tí a bá yọ ìpolówó kúrò. Àwàdà kékeré kan á ṣí i kí orin tó wọlé, ìtàn á pín sí ìpele méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n á wá fi àwàdà kúkúrú kan tì í lẹ́yìn ìpolówó tó gbẹ̀yìn. Àwọn oníṣẹ́ ń pe èyí ní “tag”. Ohun tí wọ́n ti gbìn sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú kẹta, tí ọkàn òǹwòran ti kúrò níbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń kórè rẹ̀. Orúkọ òṣìṣẹ́ sì ń kọjá lórí rẹ̀ kí àkókò má bàa ṣòfò. Áàpù kò mọ èyí. Wọ́n ti fi àmì síbi tí orúkọ àkọ́kọ́ ti yọ, áàpù sì gbà pé eré ti parí níbẹ̀.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn. Ẹni àkọ́kọ́ kí mi dáadáa, ó ní kí n yọ áàpù kúrò kí n tún un gbé sórí ẹ̀rọ. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, bákan náà ni. Mo padà lọ, ẹlòmíì ló jáde: “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé fídíò náà ń dúró ni?” Mo ní kò dúró, ńṣe ló ń sáré kọjá ibi tó yẹ kó dé. Ó ní kí n wo bí íntánẹ́ẹ̀tì mi ṣe yára tó. Mo wò ó, mo fi ránṣẹ́, kò sí àléébù níbẹ̀. Ó ní kí n pa ráútà, kí n tún un tàn. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kẹta ló ti ìjíròrò náà pa, ìwé sì wọlé pé wọ́n ti yanjú ọ̀rọ̀ mi, kí n jọ̀ọ́ fún wọn ní ìràwọ̀ márùn-ún. Ìràwọ̀ yẹn dùn mí ju gígé náà gan-an lọ.

Ẹni kẹta yàtọ̀. Kò ní kí n pa nǹkan kan, kò ní kí n tan nǹkan kan. Ohun mẹ́rin ló béèrè: orúkọ eré, nọ́ńbà apá, ẹ̀rọ tí mo fi ń wò ó, àti ìṣẹ́jú àáyá tí àwòrán súnkì gan-an. Mo kọ 20:46. Ó tún un kọ padà sí mi láti fi mọ̀ bóyá òun gbọ́ ọ dáadáa, ó béèrè ìgbà tí ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn parí, mo ní 21:29. Ó ní ẹ̀ka mìíràn ló ń fi àmì náà síbẹ̀, òun á fi ránṣẹ́ sí wọn, ó sì fún mi ní nọ́ńbà ẹjọ́ náà. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, mo ṣí i: àmì ti kúrò ní 20:46, ó ti dé 21:30. Wọ́n tún gbogbo apá eré yẹn ṣe, kì í ṣe ẹyọ kan. Àwọn eré tó kù ṣì wà bí wọ́n ṣe wà.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ fẹjọ́ sùn, ẹ má wulẹ̀ kọ pé “ó ń gé”. Ẹ kọ ohun mẹ́rin yẹn. Kí wọ́n tó dáhùn, ẹ fúnra yín pa autoplay, ètò tó ń gbé apá tó kàn wọlé láìjẹ́ pé ẹ tẹ nǹkan kan. Lórí áàpù tí mo lò, ibi tí a ti ń pa á kò sí nínú tẹlifíṣọ̀n: orí ojú ìwé àkáǹtì nínú bíráúsà ló wà, lábẹ́ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ń lo àkáǹtì náà, nítorí náà bí ẹ bá pa á fún ẹnì kan, ti ẹnì kejì ṣì ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ jáde kúrò nínú áàpù lórí tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ tún wọlé. Àwòrán lè ṣì súnkì. Ẹ gbé àmì lọ sórí àwòrán kékeré náà, ẹ tẹ OK, á tóbi padà.

Bí ìyẹn ti kúrò lọ́nà, mo tún sáà náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀, inú mi dùn gidi gan-an. Eré tí wọ́n ń ṣe níwájú òǹwòran padà wá lọ́pọ̀ yanturu: Georgie & Mandy's First Marriage àti Poppa's House lórí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n CBS, Happy's Place lórí NBC, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní oṣù kẹwàá 2024, kí Shifting Gears ti ABC tó dé ní oṣù kìíní 2025. Kámẹ́rà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló ń yà á lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀nà tí I Love Lucy sọ di àṣà láti 1951. Bí àwàdà kan kò bá pa òǹwòran lẹ́rìn-ín, àwọn òǹkọ̀wé á kóra jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, wọ́n á pààrọ̀ gbólóhùn, wọ́n á tún un yà. Òṣèré náà gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń dúró de ẹ̀rín. Bó bá sọ̀rọ̀ kí ẹ̀rín tó rọlẹ̀, ọ̀rọ̀ rì. Bó bá pẹ́ jù, ibẹ̀ tutù.

Ẹ wo Reba McEntire àti Melissa Peterman nínú Happy's Place. Wọ́n ti jọ ṣeré láti 2001 sí 2007, ó sì hàn: ọ̀kan ò tíì parí ọ̀rọ̀ tí ojú èkejì ti ń dáhùn. Montana Jordan ní iṣẹ́ tó le jù. Ọdún méje ló fi ṣe Georgie nínú Young Sheldon, níbi tí kò ti sí ẹ̀rín òǹwòran kankan. Ipa kan náà ló wá ń ṣe báyìí pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́yìn gbólóhùn. Lójú tèmi, kò pẹ́ tó fi mọ́ ọn lára. Ó dùn mí pé wọ́n fagi lé Poppa's House lẹ́yìn apá 18 péré. Damon Wayans àti ọmọ rẹ̀ ń ṣe bàbá àti ọmọ, irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ kò ṣeé kọ sínú ìwé eré.

St. Denis Medical, eré ilé ìwòsàn tí wọ́n ń yà bíi pé ìtàn gidi ni, kò ní òǹwòran níbi tí wọ́n ti ń yà á, ojú tí òṣèré ń yí sí kámẹ́rà ló gba ipò ẹ̀rín. Allison Tolman mọ̀ ọ́n ṣe: á wò, á tètè gbójú kúrò. Àwọn mìíràn ń wò pẹ́ jù, àwàdà á di àlàyé. Abbott Elementary, eré àwọn olùkọ́ iléèwé, ló borí gbogbo wọn. Ìyanṣẹ́lódì àwọn òǹkọ̀wé ní 2023 gé sáà kẹta rẹ̀ kù sí apá 14. Ti kẹrin padà sí 22, àyè sì wà fún Mr. Johnson tó ń gbálẹ̀ iléèwé.

Ó ku ìṣòro ohùn, tẹlifíṣọ̀n ilé ẹni ló sì fà á. Nínú ohùn 5.1, èyí tí wọ́n pín sí sípíkà mẹ́fà, ọ̀rọ̀ òṣèré wà láàárín, ẹ̀rín wà lọ́tùn-ún, lósì àti lẹ́yìn. Tẹlifíṣọ̀n onísípíkà méjì lè rọ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀ débi tí ẹ̀rín á bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ yan Stereo, ohùn onísípíkà méjì, nínú áàpù. Kí ẹ sì pa Auto Volume, ètò tẹlifíṣọ̀n tó ń mú kí ohùn wà ní ìwọ̀n kan náà. Bí ẹ̀rín bá bú jáde, á tẹ ohùn mọ́lẹ̀, kò ní tètè tú u sílẹ̀, gbólóhùn tó tẹ̀lé e á wá wọlé bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ aṣọ. Gbólóhùn yẹn ló sì sábà máa ń gbé àwàdà tó kàn.

Máàkì: sáà eré náà, 7 nínú 10. Áàpù, 8 nínú 10, nítorí ẹni kẹta yẹn.