Abẹ dáyámọ́ńdì fún iṣẹ́ íńtálọ́ọ̀kù: èwo ló yẹ kí ẹ rà?

Bí ẹ bá ra abẹ róbótó tí wọ́n ń fi sí gíráíndà láti gé òkúta, dáyámọ́ńdì nìkan kọ́ ni ẹ ń sanwó fún. Wọ́n po ó mọ́ ìyẹ̀fun irin tó dì í mú ni, bí abẹ bá sì ṣe ń gé, irin yìí gbọ́dọ̀ máa jẹ díẹ̀díẹ̀ kí dáyámọ́ńdì tuntun lè máa yọrí. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣì í rà.

Bí ohun tí ẹ fẹ́ gé bá le, bí òkúta akọ, abẹ tí irin rẹ̀ rọ̀ ni kí ẹ rà. Bí ó bá jẹ́ íńtálọ́ọ̀kù, búlọ́ọ̀kù tàbí ọ̀dà títì, tí yanrìn inú wọn máa ń họ abẹ, èyí tí irin rẹ̀ le ló yẹ. Ó jọ ohun tí mo sọ sódì, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn. Mo ti fi abẹ òkúta akọ gé íńtálọ́ọ̀kù rí, torí ẹni tó tà á fún mi ní kò sí ohun tí kì í gé. Iṣẹ́ àgbàlá kan ò tíì parí tí eyín rẹ̀, ìyẹn àwọn ègé dáyámọ́ńdì etí rẹ̀, fi jẹ tán. Ó dùn mí gan-an.

Ẹ wo etí rẹ̀ náà. Eléyín, tó ní àlàfo, máa ń yára, atẹ́gùn sì ń mú un tutù. Òun ni mo ń lò fún íńtálọ́ọ̀kù. Etí òkúta lè kán wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n yanrìn tí a ó gbá sí àárín wọn á bò ó. Èyí tí etí rẹ̀ kò ní àlàfo dára fún táìsì, ó lọ́ra, ó sì fẹ́ omi. Irú kẹta, tí wọ́n ń pè ní tọ́bò, wà láàárín àwọn méjèèjì. Bí ojú ibi tí ẹ gé yóò bá hàn níwájú ilé, ẹ fowó kún un, kí ẹ ra tọ́bò.

Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe lẹ eyín mọ́ ọn. Èyí tí wọ́n fi iná lésà jó ń fara da gígé láìsí omi; èyí tí wọ́n fi sódà, ìyẹn irin tí wọ́n yọ́ láti fi lẹ nǹkan, lẹ̀, ooru lè yọ́ ọ, kí eyín sì ta sí èèyàn lára.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe yọ ìbòrí gíráíndà kékeré kí abẹ ńlá lè wọ̀ ọ́. Abẹ ínǹṣì 9 tí wọ́n kọ ìyípo 6,600 sí lára kò lè gba ìyípo 11,000 tí gíráíndà kékeré ń yí ní ìṣẹ́jú kan.

Ní ti ìtọ́jú, ẹ tẹ̀ lé ọfà ara abẹ, ẹ má fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ nǹkan, kí ẹ sì máa jẹ́ kó yí lófìfo fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lẹ́yìn gígé mélòó kan. Bó bá ń dán tí kò gé mọ́, ẹ fi gé búlọ́ọ̀kù lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin. Á tún mú. Omi ń dín eruku kù, ẹ̀rọ tó ń lo epo bẹntiróòlù tó sì ní ọ̀nà omi ló wà fún ìyẹn, ẹ má da omi sí gíráíndà oníná. Ẹ wọ ìbòmú, torí eruku òkúta ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, kò sì sí oògùn tó lè dá a padà.

Abẹ tí irin àárín rẹ̀ bá ti sán tàbí tó di aláwọ̀ búlúù, ẹ sọ ọ́ nù lọ́jọ́ náà.